Amọ̀ Kì í Ní Rìsíìtì

Owó ìrànwọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni èyí tó ń kọ́ afárá àti ilé ìwòsàn, èyí tí gómìnà ń fọwọ́ sí níwájú kámẹ́rà. Òmíràn wà tí ariwo rẹ̀ kì í pọ̀. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là, ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, bí ó bá sì pọ̀ púpọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ọwọ́ ẹgbẹ́ kan ní abúlé tàbí ní ìlú kékeré ló máa ń bọ́ sí, kí wọ́n lè gbin igi padà sí etí odò, kí wọ́n tún ojúbọ tó ń wó lọ ṣe, kí wọ́n gba ìtàn ìlú sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ ìwé béèrè irú owó bẹ́ẹ̀, tí mo ń ṣe ìṣirò rẹ̀, tí mo sì ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn tó fún wa. Mo fẹ́ràn owó náà. Mo gbà pé kò sí owó mìíràn tó bá irú iṣẹ́ yìí mu tó o. Ìdí nìyẹn tí ohun tí àwọn fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń sọ ọ́ dà fi ń dùn mí.

Lórí ọ̀rọ̀ àyíká, èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Small Grants Programme ti GEF, àpò owó àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àyíká, tí UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń bójú tó. Ọdún 1992 ló bẹ̀rẹ̀, ọdún tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè péjọ sí Rio de Janeiro lórí ọ̀rọ̀ ayé àti ìdàgbàsókè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, $50,000 ni òkè tí owó iṣẹ́ kan lè dé, ohun tí wọ́n sì ń fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kéré sí i. Ohun tó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún ètò yìí ni pé owó náà kì í gba ọwọ́ ìjọba kọjá. Ẹgbẹ́ ará ìlú ló ń gbà á tààrà. Ìgbìmọ̀ kan wà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó ń yan iṣẹ́ tí wọn yóò fún lówó, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí owó iṣẹ́ àkànṣe ṣe ń rìn láti Àbújá kó tó dé ìjọba ìbílẹ̀ kò ní béèrè ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì.

Ní ti ogún ìbílẹ̀, Amẹ́ríkà ní Ambassadors Fund for Cultural Preservation, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn dá sílẹ̀ ní ọdún 2001. Ara owó yẹn ló bá wọn tún ojúbọ Búsanyìn ṣe nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Òfin ilẹ̀ wọn ya ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sìn, nítorí náà bí ibi tí ẹ fẹ́ tún ṣe bá jẹ́ ojúbọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé nítorí ìtàn, iṣẹ́ ọnà tàbí àṣà ni ẹ ṣe ń béèrè. Mo gbà pé òfin wọn ni, wọn kò sì lè ṣe é lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n àwórò tó ń jí gbá ojúbọ náà láàárọ̀ kò mọ ibi tí àṣà ti parí tí ẹ̀sìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ló máa ń bá a kọ apá yẹn.

Ìlú wa ní igbó kan lẹ́bàá odò tó ṣàn gba ẹ̀yìn ìlú kọjá. Kò tóbi. Ìrókò wà níbẹ̀, àràbà wà níbẹ̀, akòko wà níbẹ̀, wọ́n sì gbin pèrègún sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ojúbọ wa wà, ilé amọ̀ kékeré kan tí ògiri rẹ̀ nípọn ju apá àgbàlagbà lọ. Àwọn obìnrin ìdílé tó ni ojúbọ náà ló máa ń pa ògiri yẹn lọ́dọọdún kí ọdún ìlú tó wọlé. Nígbà tí wọ́n darúgbó, tí àwọn ọmọ wọn sì wà ní Èkó àti ní Àkúrẹ́, pípa ògiri dáwọ́ dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ìdí. Àwọn onípákó ń fojú sí ìrókò, àwọn tó ń wá ilẹ̀ ìkọ́lé sì ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ sún mọ́ etí igbó. Ibi tí nǹkan dé nìyẹn kí a tó jókòó láti kọ ìwé béèrè owó.

Ohun tó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu gbogbo wa ní ìpàdé ni sìmẹ́ǹtì. Kí a ra sìmẹ́ǹtì, kí a rẹ́ ògiri náà yí po, ó tán. Bàbá kan wà ní òkè ìlú, ara àwọn díẹ̀ tó kù tó mọ ilé amọ̀ mọ. A ránṣẹ́ pè é kó wá bá wa wò ó. Ó rìn yí ilé náà ká láìsọ̀rọ̀, ó wá dúró níbi tí ẹnì kan ti fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ ìdí ògiri ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Ó ki ìka bọ abẹ́ rẹ̀, ó fà á, sìmẹ́ǹtì náà ṣí wá lódindi bí èèpo igi. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù, ó sì ti rọ̀ débi pé ó ń bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bu díẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

“Ìyá Akọ̀wé, ẹ wò ó. Omi ń ti ilẹ̀ gòkè wá sínú ògiri. Tó bá jẹ́ amọ̀ la fi pa á, oòrùn á fà á jáde. Sìmẹ́ǹtì yìí ò jẹ́ kó ráyè jáde. Ó há sẹ́yìn ibẹ̀, ó ń sọ ògiri di ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo rẹ̀, ó ti wó o nìyẹn.”

Ó wá to bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí lẹ́sẹẹsẹ fún wa. A ó wa amọ̀ pupa láti ibi kan tó mọ̀ lẹ́yìn ìlú, nítorí pé gbogbo amọ̀ kọ́ ló ń mọ ilé. A ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi fà, a ó fi koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ sí i. A ó bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, a ó tún un tẹ̀. Ibi tí ògiri ti jẹ ni a ó gé dọ́gba, a ó sì mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Kò sẹ́ni tó lè kánjú rẹ̀. Ìgbà ẹ̀rùn nìkan ni a lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin yóò wá fi ọwọ́ pa á, ìyẹn náà sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo padà sílé, mo ṣí fọ́ọ̀mù àjọ tó fẹ́ fún wa lówó. Àyè wà níbẹ̀ fún ohun èlò tí a ó rà, àyè wà fún ìrìnàjò, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fún ìkéde. Gbogbo ohun tí a bá san owó lé lórí gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì tí orúkọ ilé ìtajà wà lórí rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ní rìsíìtì. Pátákó tí wọ́n ń rì mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí orúkọ àwọn tó fúnni lówó wà lókè tí orúkọ ìlú wà nísàlẹ̀, ní rìsíìtì. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì tí èèyàn ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ní rìsíìtì, tíì àti bọ́ńsì tí wọ́n ń pín níbẹ̀ náà ní tirẹ̀. Amọ̀ kì í ní rìsíìtì. Bàbá tó ń mọ ọ́n kò ní ilé-iṣẹ́ tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò ní ìwé tó ní òǹtẹ̀. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló jẹ́ pàtàkì gbogbo iṣẹ́ náà, òun nìkan sì ni fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún.

Ọmọbìnrin tó ń bójú tó fáìlì wa ní àjọ náà kò burú rárá. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa yọrí. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó ní, “Mà, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi han àwọn tó máa yẹ ìwé owó wò?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó fúnni lówó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó gbà, ìwà olè tó ti bá irú owó yìí jà kọjá kèrémí. Ohun tí a jọ fi ẹnu kò sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni pé kí Bàbá tẹ ìka sí ìwé gbígba owó lójú ẹlẹ́rìí méjì, kí a ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gòkè, kí a sì kọ ọjọ́ sí i. Wọ́n gbà á. Bí wọ́n ṣe gbà á fún wa ni mo fi mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, ó sì yẹ kó wà nínú fọ́ọ̀mù fún gbogbo èèyàn, kí ìlú mìíràn tí kò ní ẹni tí yóò máa pe fóònù káàkiri má baà lọ ra sìmẹ́ǹtì nítorí rìsíìtì.

Mo ti rí ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Pátákó ìkéde ṣì dúró ṣinṣin níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń dán, igbó tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e síbẹ̀ ti di oko kòkó.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí ọwọ́ èèyàn lè ṣe fún ogún, kó wo Òṣogbo. A máa ń sọ̀rọ̀ igbó Ọ̀ṣun bí ẹni pé UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló gbà á là. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú ní ọdún 1992 títí ó fi tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ọjọ́ pàtàkì ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gba igbó náà là bẹ̀rẹ̀ lára ògiri tí ikán ti jẹ. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí títún ojúbọ tó ń wó ṣe. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tí ayé mọ orúkọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ọnà. Búráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta àti igi, Kàsálí Àkàngbé Ògún ń gbẹ́ igi, Sàká Àrẹ̀mú ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Ọwọ́ wọn ni nǹkan bí ogójì ojúbọ àti iṣẹ́ ọnà tó wà nínú igbó yẹn ti rí bó ṣe rí.

Àwọn kan lè sọ pé sìmẹ́ǹtì náà ni wọ́n lò ní Òṣogbo, kí ló wá dé tí mo ń bá a jà. Ère tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ láti ìbẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí ògiri amọ̀ ayé àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ère Òṣogbo kò bọ́ lọ́wọ́ àtúnṣe. Òjò ń jẹ ẹ́, odò ń kún bò ó, gbòǹgbò igi ń là á, ikán sì ń jẹ igi tó gbé e ró. Bí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ó ń lọ nìyẹn. Ní ọdún 2014, World Monuments Fund, àjọ tó ń tọ́jú ibi ìtàn káàkiri ayé, kọ igbó náà mọ́ àwọn ibi tó nílò ìtọ́jú kíákíá, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àdùnní ti kú ní ọdún 2009. Ohun tí wọ́n nílò lẹ́yìn rẹ̀ ni owó oṣù fún àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, àti ọ̀dọ́ tí yóò jókòó tì wọ́n kọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyí. Owó kékeré bá ìtọ́jú mu ju owó ńlá lọ, torí pé ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kékeré-kékeré ni: ká ro ẹsẹ̀ ọ̀nà, ká pa ògiri, ká san owó ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó lóru, ká gbin igi mìíràn síbi tí ọ̀kan ti wó. Kò sí èyí tó wọ́n nínú wọn. Èyí tó le ni pé wọn kì í tán. Àwọn tó ń fúnni lówó sì ń fẹ́ ohun tó ń tán, iṣẹ́ tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ọdún kan tàbí ọdún kan ààbọ̀, kí wọ́n lè ya fọ́tò ìfilọ́lẹ̀ àti fọ́tò ìkádìí. Wọ́n á bi ọ́ nínú fọ́ọ̀mù pé báwo ni iṣẹ́ yìí yóò ṣe dúró lẹ́yìn tí owó wa bá tán. Gbogbo wa la máa ń kọ pé ará ìlú yóò máa bójú tó o. Wọ́n sì máa ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ pé ó dára.

Ará ìlú ń bójú tó o lóòótọ́, bí a bá jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀, tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ọ̀pọ̀ ètò owó kékeré ló ń béèrè pé kí ìlú náà mú nǹkan wá. Àwọn tó rántí CSDP, ètò tí Báǹkì Àgbáyé fi owó sí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, mọ̀ pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye owó iṣẹ́ ni ìlú máa ń dá. Ètò GEF náà ń gba kí ìpín ìlú jẹ́ owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ìlú wa kò ní owó. A bẹ ọ̀wẹ̀. Oníkílọ́ọ̀bù wá, àwọn ọlọ́kadà wá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà wá lẹ́yìn ìdánwò. Ìmáàmù ìlú rán àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ wá, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà rán tirẹ̀, nítorí pé a ti sọ fún wọn pé odò tí gbogbo wa ń mu ni igbó yẹn ń bò. Àwọn ọkùnrin ń tẹ amọ̀, ẹsẹ̀ wọn pupa dé orúnkún. Àwọn obìnrin ń pọn omi láti odò, àwọn mìíràn ń gún iyán lábẹ́ igi. Ọ̀wẹ̀ tí kò ní oúnjẹ kì í ṣe ọ̀wẹ̀.

Ọmọ kan ló jókòó pẹ̀lú ìwé tó ń kọ orúkọ. Nígbà tí mo gba ìwé náà wò, orúkọ àwọn tó ń tẹ amọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kó lọ kọ orúkọ àwọn tó pọn omi àti àwọn tó gún iyán, níkọ̀ọ̀kan, kó má kàn kọ ọ́ pé “àwọn ìyá.” Amọ̀ kò lè fà láìsí omi. Owó tí lébìrà ń gbà lọ́jọ́ kan ní ìlú wa la fi ṣe ìṣirò fún gbogbo wọn, àtọkùnrin àtobìnrin, ìyẹn sì ni ìpín ìlú nínú ìwé wa. Ó pọ̀ ju ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa lọ.

Iyán ọ̀wẹ̀ ni wọn kò gbà. Wọ́n ní oúnjẹ kò sí nínú ohun tí owó wà fún, àfi ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé inú òtẹ́ẹ̀lì la ti jẹ ẹ́, tí ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ níwájú wa nípa bí a ṣe ń tọ́jú ògiri, wọn ìbá sanwó rẹ̀. A jẹ ẹ́ nídìí ògiri gan-an níbi tí Bàbá ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń mọ ọ́n, wọn kò kà á sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára títí di òní. Àwọn ọmọ ìlú wa kan ní Èkó ló dá owó iyán yẹn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé owó kékeré lè ṣe gbogbo nǹkan. Odò Ọ̀ṣun tó ń gba inú igbó Òṣogbo kọjá ti di pupa bí omi amọ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìwakùsà wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè odò sì ni wọ́n tọ́ka sí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ fún àwọn olùjọ́sìn pé kí wọ́n má mu omi náà, omi tí wọ́n ń gbé délé gẹ́gẹ́ bí àgbo ìyàgàn àti ìwòsàn. Ẹgbẹ́ tó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún dọ́là lè gbin igi sí gbogbo etí odò yẹn, omi náà kò ní mọ́. Òfin ló lè mú un mọ́, àti ìjọba tó fẹ́ lo òfin. Ohun tí owó kékeré lè ṣe níbẹ̀ ni kí àwọn tó ń gbé etí odò ní ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n lè rí nǹkan gbé lọ síwájú adájọ́ tàbí aṣòfin. Iṣẹ́ ọwọ́ náà nìyẹn. A kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i nínú ìwé béèrè owó, torí kì í yọ dáadáa nínú fọ́tò.

Nǹkan kan tún wà tó ń ti ọ̀pọ̀ ìlú sẹ́yìn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ fọ́ọ̀mù rárá. Kí ẹgbẹ́ kan tó lè gba owó ní orúkọ ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, kó polongo rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, kó dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnì kan yóò takò ó. Báǹkì yóò tún béèrè ìwé SCUML, láti ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó àìmọ́ lábẹ́ EFCC. Owó ni gbogbo rẹ̀, àkókò ni, lọ́yà ni. Àwọn àgbà tó ni igbó kò ní ọ̀kankan nínú rẹ̀. Nítorí náà ni NGO tó ní ìwé nílùú ńlá fi máa ń bá wọn gba owó. Àwọn kan ń ṣe é tòótọ́tòótọ́, mo mọ wọn. Àwọn mìíràn kì í dé ìlú náà ju ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò lọ. Bí NGO bá máa gbé owó náà dání, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn àjọ fi ṣe dandan ni pé kí wọ́n máa ka ìwé owó náà sókè ní ààfin tàbí ní gbọ̀ngàn ìlú, ní èdè ìlú, lójú gbogbo ènìyàn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ìlú wa. Ìyá kan tí kò mọ̀wé ló dìde lọ́jọ́ kan tó ní iye tí a kọ sílẹ̀ fún korobá pọ̀ ju iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ra á dá ìyókù padà. Kò sí olùyẹ̀wé-owó-wò láti Àbújá tí ìbá mọ iye korobá ní ọjà wa.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ńkọ́? Ètò GEF ti fàyè gba kí ìlú kọ ìwé ní èdè ìbílẹ̀, kódà wọ́n ti gba ìwé béèrè tó jẹ́ fídíò láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè kọ. Mo gbóríyìn fún wọn. Ó yẹ kí àwọn yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá wa sọ gbogbo ètò iṣẹ́ ògiri náà fún wa ní ìdúró kan, láìwo ìwé, ohun èlò rẹ̀, àkókò rẹ̀, ewu rẹ̀, iye ọwọ́ tó ń gbà. Ìwé béèrè owó tó pé ni. Èmi ni mo lo ọ̀pọ̀ òru láti sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, mo sì mọ ohun tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Benin ti rìn jìnnà lórí ọ̀nà kan tí àwa kò tíì gbà. Ní òpin àwọn ọdún 1990, wọ́n ka igbó mímọ́ ilẹ̀ wọn, wọ́n rí 2,940, tó fi mọ́ àwọn tó wà ní ìhà Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sákétẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó hẹ́kítà márùn-ún. Ní ọdún 2012, ìjọba wọn ṣe ìlànà tí igbó mímọ́ fi lè ní ìwé lábẹ́ òfin, tí àwọn tó ń bọ níbẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ nínú bí a ó ṣe máa ṣàkóso rẹ̀. Ìwé yẹn kò dá gbogbo ayùn dúró. Ṣùgbọ́n bí owó kékeré bá dé bá igbó tó ti ní ìwé, ó bá ilẹ̀ tó dúró. Igbó tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá Nàìjíríà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí ìjọba sọ di ohun ìrántí, kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà lọ. Ẹni tó bá gba ìwé ilẹ̀ ní ọ́fíìsì lè wá gé igi wa lulẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè, kógbá sílé. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí mo ń sọ níbí, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́, nítorí ó fi hàn pé ilẹ̀kùn òkè òkun lè tì láàárín oṣù díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nílùú wa ṣẹ̀. Owó wà nílé. Gbogbo ìlú wa ló ń ṣe ọjọ́ ìlú, tí àwọn ọmọ ìlú láti Èkó, London àti Houston ń wá ná owó níbẹ̀. A máa ń fi kọ́ gbọ̀ngàn, a máa ń fi kọ́ géètì tí wọ́n fín orúkọ àwọn olówó sí lára. Mo bẹ àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa pé kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a bá pa lọ́jọ́ ìlú máa lọ sí ìtọ́jú igbó àti ojúbọ, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí orúkọ rẹ̀ kà lára rẹ̀. Ẹ̀ka Èkó ti gbà. Ẹ̀ka London ní àwọn fẹ́ ṣèpàdé lé e lórí.

Owó Èkó ni a fi ń san owó oṣù ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó báyìí. Òun la fi ń san owó àwọn ọ̀dọ́ méjì tí Bàbá ń kọ́, ọ̀kan jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Ògiri tó kọjú sí odò ni wọ́n fẹ́ mú ní ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Bàbá ní èyí yóò le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ìpìlẹ̀ ibẹ̀ ti rì díẹ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ amọ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Àjọ tó bá ń kà èyí, tó sì ní owó kékeré lọ́wọ́: ẹ pín owó ọdún kan ààbọ̀ yẹn sí ọdún márùn-ún fún wa. Ẹ yọ pátákó kúrò. Ẹ fi àyè kan sí fọ́ọ̀mù fún owó ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ àti ti ẹni tó ń kọ́ ọ, àti àyè kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ fún iyán ọ̀wẹ̀.